Ohun tí Ọmọ Ń Rí àti Ohun tí Ó Ń Gbọ́ ni Ó Ń Kọ́ Ọpọlọ Rẹ̀

Bí ẹ bá dúró ní Circle, ní ìlú Accra, ní kùtùkùtù òwúrọ̀, ẹ ó gbọ́ ohùn àwọn mèètì tí ń pe èrò sínú trótrò, ẹ ó gbọ́ ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn àwọn tí ń ta fóònù, ẹ ó sì gbọ́ fèrè ọkọ̀ láti orí afárá ńlá tí ó gba òkè òbìrìkìtì náà kọjá. Ẹ ó rí àwọn ìyá tí ó pọn ọmọ pẹ̀lú. Ọmọ mìíràn nínú wọn kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ ń ta omi inú ọ̀rá tàbí búrẹ́dì, ọmọ náà sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń wo ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ tí ń kọjá, ó sì ń gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó rò pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ṣe ohunkóhun ju pé kí ó mu ọmú kí ó sì sùn lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni ó ń ṣe. Ohun tí ojú rẹ̀ ń rí àti ohun tí etí rẹ̀ ń gbọ́ ni ọpọlọ rẹ̀ fi ń di kíkọ́.

A kọ àpilẹ̀kọ yìí fún ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ̀yin tí ẹ ń bá ni mójú tó ọmọ, àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera. Ó ṣàlàyé bí iṣẹ́ tí iṣan ìmọ̀lára ń ṣe ṣe ń tún iṣan náà fúnra rẹ̀ mọ, ìdí tí kò fi yẹ kí a fi ojú tàbí etí ọmọ tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa falẹ̀, àti ohun tí ẹ lè ṣe nílé, ní ìsọ̀ àti ní ilé ìwòsàn.

Báwo ni ọpọlọ ọmọ ṣe ń di kíkọ́?

Ọpọlọ, okùn iṣan tí ó wà nínú eegun ẹ̀yìn, àti àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó tàn káàkiri ara ni a ń pè lápapọ̀ ní ètò iṣan ìmọ̀lára. Sẹ́ẹ̀lì iṣan tí ó wà nínú ọpọlọ àgbàlagbà tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 86. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ti wà níbẹ̀ nígbà tí a bí ọmọ. Ohun tí kò tíì parí ni ìsopọ̀ tí ó wà láàárín wọn.

Sẹ́ẹ̀lì iṣan kan ń ránṣẹ́ sí òmíràn nípa agbára mànàmáná kékeré àti èròjà kẹ́míkà. Ẹ fi wé pápá tí koríko hù sí. Bí ènìyàn púpọ̀ bá ń gba ibì kan kọjá lójoojúmọ́, ibẹ̀ yóò di ọ̀nà. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò bá gbà mọ́, koríko yóò bò ó. Báyìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ inú ọpọlọ rí. Ní ọdún 1949, Donald Hebb, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan ní Kánádà, kọ ọ́ sínú ìwé pé nígbà tí sẹ́ẹ̀lì kan bá ń bá òmíràn ṣiṣẹ́ léraléra, ìsopọ̀ tí ó wà láàárín wọn yóò lágbára sí i. Ìwádìí tí ó tẹ̀lé e láti ìgbà náà ti fi hàn pé òtítọ́ ni.

Ọpọlọ ọmọ a kọ́kọ́ ṣe ìsopọ̀ tí ó pọ̀ ju èyí tí yóò lò lọ. Lẹ́yìn náà, yóò dá èyí tí a ń lò sí, yóò sì gé èyí tí a kò lò kúrò, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ṣe máa ń fa àgbàdo tí ó pọ̀ jù lójú ebè kan tu kí ìyókù lè gbèrú. Kì í ṣe àìsàn ni gígé yìí, bí ẹ̀dá ṣe ń dàgbà ni. Ṣùgbọ́n ó ní ewu kan: bí ojú tàbí etí kò bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ní àkókò tí ó yẹ, ọpọlọ lè gé ọ̀nà tí ọmọ náà yóò nílò ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn ọdún àkọ́kọ́ fi ṣe pàtàkì. Nígbà tí a bí ọmọ, ọpọlọ rẹ̀ tóbi tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ti àgbàlagbà. Nígbà tí ó bá pé ọdún méjì, ó ti tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Amọ̀ tútù ni ó gba ọwọ́ amọ̀kòkò. Bí ó bá ti gbẹ, ó ṣòro láti yí i padà.

Ṣé inú oyún ni ó ti bẹ̀rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọlẹ̀ ti ń mira kí ìyá tó mọ̀ ọ́n lára rárá. Mímira yìí ń jẹ́ kí iṣan ẹsẹ̀, iṣan ọwọ́ àti ọpọlọ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ara wọn. Àwọn onímọ̀ sì ti rí i nínú àwọn ẹranko pé kí ojú ọmọ tó là, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó wà ní ẹ̀yìn ẹyinjú a máa rán ìgbì mànàmáná sí ọpọlọ láìsí ìmọ́lẹ̀ kankan. Ńṣe ni ó dà bí ẹni pé ojú ń dánra wò kí ọjọ́ iṣẹ́ tó dé. Ìgbì yìí ni ó ń tún ọ̀nà láti ojú sí ọpọlọ ṣe ṣáájú.

Ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn oyún, ọmọ ti ń gbọ́ ohùn. Ní ọdún 1980, Anthony DeCasper àti William Fifer ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta láyé ti mọ ohùn ìyá rẹ̀ yàtọ̀ sí ti obìnrin mìíràn, tí ó sì ń fẹ́ láti gbọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ̀yin aláboyún, bí ẹ bá ń kọrin tàbí tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ẹnì kan ń gbọ́ yín.

Ojú: ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ lára ọmọ ológbò

Ní àwọn ọdún 1960, David Hubel àti Torsten Wiesel, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, pa ìpéǹpéjú kan ọmọ ológbò dé fún ìgbà díẹ̀ ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ayé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ẹyinjú náà fúnra rẹ̀ kò ní àbùkù. Síbẹ̀, ológbò náà kò lè fi ojú náà ríran dáadáa, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tí ó yẹ kí wọ́n gbọ́ iṣẹ́ láti ojú náà ti lọ darapọ̀ mọ́ ojú kejì. Wọ́n pa ojú ológbò tí ó ti dàgbà dé fún ìgbà pípẹ́ pẹ̀lú, kò sì sí ewu kankan. Nínú iṣẹ́ yìí ni a ti mọ̀ dájú pé àkókò kan wà tí ọpọlọ gbọ́dọ̀ ríran kí ó tó lè kọ́ bí a ti ń ríran. Wọ́n gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1981, pẹ̀lú Roger Sperry.

Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú ọmọ tí ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ní Circle? Àwọn ọmọ kan wà tí a bí pẹ̀lú kataráàkì, ìyẹn ni pé awò tí ó wà nínú ẹyinjú wọn ti di funfun bíi kùrukùru, tí ìmọ́lẹ̀ kò sì lè gba ibẹ̀ kọjá dáadáa. Fún àgbàlagbà, a lè sún iṣẹ́ abẹ kataráàkì síwájú fún ọdún kan, kí ó sì tún ríran lẹ́yìn rẹ̀. Ti ọmọ tuntun kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà ojú ń fẹ́ kí iṣẹ́ abẹ náà wáyé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́wàá àkọ́kọ́, pàápàá bí ó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ni. Bí a bá dúró títí ọmọ yóò fi rìn, a lè yọ kùrukùru náà kúrò, kí ojú mọ́ gaara, síbẹ̀ kí ọmọ má ríran dáadáa. Kì í ṣe pé iṣẹ́ abẹ kò dára ni. Ọpọlọ ni kò tètè rí ohun tí yóò fi kọ́ ara rẹ̀.

Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí ojú rẹ̀ méjèèjì kì í wo ibì kan náà, tàbí tí ojú rẹ̀ kan nílò awò ojú gidigidi ju èkejì lọ. Ọpọlọ yóò gba iṣẹ́ tí ojú tí ó dára ń rán, yóò sì kọ èkejì sílẹ̀. Bí a bá tètè mọ̀, ìtọ́jú rẹ̀ kò le: awò ojú, àti bíbo ojú tí ó dára fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́ gẹ́gẹ́ bí dókítà bá ti sọ, kí èkejì lè ṣiṣẹ́.

Ẹ wo ojú ọmọ yín fún àwọn àmì wọ̀nyí:

- Ọmọlójú tí ó ní ohun funfun nínú, tàbí àwòrán fóònù tí ojú kan ti ń tàn pupa tí èkejì sì ń tàn funfun. Yàtọ̀ sí kataráàkì, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ inú ojú, èyí tí ó lè gba ẹ̀mí ọmọ bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀.
- Ọmọ tí ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí kì í tẹ̀ lé ojú ìyá rẹ̀ tàbí ohun tí ó ń dán.
- Ojú tí ń gbọ̀n tàbí tí ń yí kiri láìdúró.
- Ojú méjèèjì tí kì í wo ibì kan náà lẹ́yìn oṣù mẹ́rin.

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ má ṣe kán ọmú, omi ewé tàbí oògùn tí ẹ rà lójú pópó sí ojú ọmọ. Ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ ẹni tí ó bá sọ pé yóò lọ bí ọmọ bá dàgbà. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, kí wọ́n lè fi ìwé rán yín sí dókítà ojú. Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Korle Bu ní Accra ní ẹ̀ka ìtọ́jú ojú àti ti etí. Fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà, ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn náà ní wọn.

Etí àti èdè

Ọmọ tuntun lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ìró èdè púpọ̀, títí kan èdè tí kò tíì gbọ́ rí. Ní ọdún 1984, Janet Werker àti Richard Tees ní Kánádà tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn ọmọ oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ láti ilé tí a ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn ìró kan nínú èdè Híńdì tí àwọn òbí wọn kò lè mọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ náà fi máa pé oṣù mẹ́wàá sí méjìlá, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n mọ́. Ọpọlọ wọn ti dojú kọ ìró tí ó ń gbọ́ nílé. Ọ̀nà kan náà ni ọmọ Yorùbá ń gbà mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀, tí kì í fi í pe ọkọ́ ní ọkọ̀ nígbà tí ó bá dàgbà. Kò sí ẹni tí ó jókòó kọ́ ọ. Gbígbọ́ ni ó kọ́ ọ.

Nítorí náà, ọmọ tí kò gbọ́ràn, tí a kò sì mọ̀ títí ó fi pé ọdún mẹ́ta, ti pàdánù ọdún mẹ́ta tí ó ṣe iyebíye jù lọ fún èdè. Etí dídi kò sì hàn sí ojú. Ọmọ náà yóò rẹ́rìn-ín, yóò mu ọmú, yóò tilẹ̀ máa ké “bàbàbà” ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ilé yóò wí pé, “Bàbá rẹ̀ náà kò tètè sọ̀rọ̀.” Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, ṣùgbọ́n ó ti na ọ̀pọ̀ ọmọ ní ohun púpọ̀.

Ìlànà tí àwọn onímọ̀ nípa etí ń tẹ̀ lé ni oṣù kan, oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà: kí a yẹ etí ọmọ wò kí ó tó pé oṣù kan, kí a mọ̀ dájú bóyá ó gbọ́ràn kí ó tó pé oṣù mẹ́ta, kí ìrànlọ́wọ́ sì bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé oṣù mẹ́fà.

Ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún etí dídi àwọn ọmọdé ni a lè dènà. Lára ohun tí ń fà á ni àrùn yírùnyírùn, rùbẹ́là tí ó mú ìyá nínú oyún, àìsàn inú etí tí ń tú ọyún, àwọn oògùn kan tí a lò láìsí àbójútó dókítà, àti ibà pọ́njú ọmọ tuntun tí ó le. Ẹ kíyè sí èyí tí ó kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní G6PD tó, èròjà tí ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀. Bí a bá fi káńfọ̀, ìyẹn naphthalene, sáàárín aṣọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa bàjẹ́, kí ibà pọ́njú sì le dé ibi tí yóò ti ba iṣan etí àti ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ẹ má ṣe fi káńfọ̀ sínú ẹrù ọmọ. Bí ojú ọmọ tuntun tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá pọ́n, sísá a sóòrùn kò tó. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ ní ọjọ́ náà.

Èdè kò pọn dandan kí ó gba etí wọlé

Bí dókítà bá sọ pé ọmọ kò gbọ́ràn, ọ̀rọ̀ kò parí. Èdè ni ọpọlọ ń béèrè, ó sì lè gba ojú wọlé. Ọmọ adití tí ó bá rí èdè àwọn adití láti kékeré yóò kọ́ ọ bí ọmọ mìíràn ṣe ń kọ́ Yorùbá tàbí Twi, ọpọlọ rẹ̀ yóò sì kọ́ ọ̀nà èdè láìkù síbì kan.

Ẹ̀rí èyí kò jìnnà sí Accra. Ní abúlé Adamorobe, ní ẹ̀bá Aburi, àwọn adití ti pọ̀ láti ìran dé ìran nítorí ohun kan tí wọ́n jogún nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ará abúlé náà dá èdè ọwọ́ tiwọn sílẹ̀, àwọn tí ó gbọ́ràn pàápàá sì mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí ó dití níbẹ̀ bá èdè nílẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti bí i.

Ọ̀pọ̀ adití ní ibòmíràn kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú kan tí àrùn yírùnyírùn sọ di adití nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, ni ó dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Gánà, ní ìlú Accra, ní ọdún 1957. Ilé ẹ̀kọ́ náà ṣí lọ sí Mampong-Akuapem lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1960, ó dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ilé ẹ̀kọ́ dára, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò ní èdè kankan títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ti pẹ́ jù. Ẹ̀yin òbí ọmọ adití, ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ èdè náà, kí ọmọ lè bá a nílé. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn náà lè ran ọmọ mìíràn lọ́wọ́. Lílo ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́.

Ariwo kì í ṣe ọ̀rọ̀

Ní Circle, ariwo kò wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí ọpọlọ ọmọ fi ń kọ́ èdè ni ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan dojú kọ ọ́ sọ. Ní ọdún 2003, Patricia Kuhl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, jẹ́ kí àwọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án gbọ́ èdè Ṣáínà. Àwọn kan gbọ́ ọ lẹ́nu ènìyàn tí ó jókòó tì wọ́n tí ó ń bá wọn ṣeré. Àwọn kan gbọ́ ohùn kan náà láti inú tẹlifíṣàn. Àwọn ti àkọ́kọ́ kọ́ ìró èdè náà. Àwọn ti tẹlifíṣàn kò kọ́ ohunkóhun.

Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2019 bá èyí mu: kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì má wo tẹlifíṣàn tàbí fóònù, kí àwọn ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má sì wò ó ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. A mọ̀ pé ìyá tí ń dá nìkan tajà lè fún ọmọ ní fóònù kí ó lè dá oníbàárà lóhùn. A kò bá a wí. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé fóònù náà kò lè rọ́pò ohùn òun.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì tún ń béèrè pé, “Ṣé èdè púpọ̀ kò ní da ọmọ láàmú?” Ìdílé Yorùbá pọ̀ ní Accra láti ọjọ́ pípẹ́, Lagos Town ni orúkọ tí a fi ń pe New Town tẹ́lẹ̀, kò sì jìnnà sí Circle. Ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ lè gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá, Gaa lẹ́nu alábàágbé, Twi lọ́jà, àti Gẹ̀ẹ́sì lórí rédíò. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Potsdam ní Jámánì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ jáde ní ọdún 2025 wo ọmọ ọwọ́ 121 ní Accra, láti oṣù mẹ́ta sí oṣù méjìlá. Wọ́n rí i pé èdè méjì sí mẹ́fà ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gbọ́ déédéé. Bí àwọn tí ń tọ́jú ọmọ bá ṣe pọ̀ tó ni èdè ń pọ̀ sí i. Èdè ìbílẹ̀ ni àwọn ènìyàn fi ń bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀ lójúkojú jù, Gẹ̀ẹ́sì sì ń dé ọ̀dọ̀ wọn láti ibi bíi tẹlifíṣàn. Nítorí náà, èdè tí ó dùn mọ́ yín lẹ́nu jù ni kí ẹ fi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Ọpọlọ rẹ̀ lè gbà ju ẹyọ kan lọ.

Ìfọwọ́kàn àti ìdáhùn

Ní Ròmáníà, ọ̀pọ̀ ọmọ ni a tọ́ ní ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí níbi tí oúnjẹ wà ṣùgbọ́n tí kò sí ẹni tí ń dáhùn ẹkún wọn. Láti ọdún 2000 ni àwọn onímọ̀ ti ń tẹ̀ lé 136 nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi àwọn kan sọ́dọ̀ alágbàtọ́. Ìgbì mànàmáná inú ọpọlọ àwọn tí wọ́n wà nínú ilé náà kò lágbára tó ti àwọn ọmọ tí a tọ́ sílé. Àwọn tí ó bọ́ sọ́dọ̀ alágbàtọ́ kí wọ́n tó pé ọdún méjì ni ara wọn yá jù. Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni ọpọlọ ń jẹ. Bí ọmọ bá ké tí ẹnì kan dá a lóhùn, oúnjẹ ni.

Ohun tí ẹ̀yin olùtọ́jú ọmọ lè ṣe lójoojúmọ́

Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò ná yín ní owó:

- Ẹ ki ọmọ ní oríkì rẹ̀ bí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́ tàbí tí ẹ bá ń fún un lọ́mú. Ẹ pe Àjọkẹ́ tàbí Àyìnlá, kí ẹ sì wò ó lójú. Ojú, ohùn àti ọwọ́ yín yóò dé ọpọlọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.
- Bí ọmọ bá ké “àgúù”, ẹ dá a lóhùn, kí ẹ sì dúró kí òun náà fèsì.
- Bí ẹ bá pọ̀n ọ́n lọ sọ́jà, ẹ máa dárúkọ ohun tí ẹ ń ṣe: “A fẹ́ wọ ọkọ̀. Wo ọsàn. A ti délé.”
- Ní ìgbà tí oníbàárà kò sí, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí ibi tí ó mọ́ tí kò sì sí ewu, kí ó na ọwọ́ sí ìgò òfìfo tàbí ṣíbí, kí ó sì da ikùn délẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ bá là, kí ẹ sì wà nítòsí.
- Ẹ jẹ́ kí ó sùn. Nínú oorun ni ọpọlọ ń to ohun tí ó kọ́.
- Ẹ gbé e jìnnà sí iwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ariwo tí ó pọ̀ jù lè pa etí lára.

Fún ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera

Ọjọ́ ìwọ̀n àti ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń dé ọ̀dọ̀ yín. Kí iná tọ́ọ̀ṣì kékeré wà nítòsí yín. Ẹ wo ọmọlójú méjèèjì lọ́jọ́ ìbí, ẹ sì tún wò wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ẹ bi ìyá pé, “Ṣé ọmọ ń ta gìrì sókè bí ariwo bá bú? Ṣé ó ń yí ojú sí ohùn rẹ?” Bí ìyá bá sọ pé òun fura, ẹ gbà á gbọ́, nítorí ìyá sábà máa ń mọ̀ ṣáájú wa. Ọmọ tí ó ti ní ibà pọ́njú tí ó le, tí a bí láìpé oṣù, tàbí tí yírùnyírùn ti ṣe rí, gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń yẹ etí wò, àní bí ó bá jọ pé ó gbọ́ràn. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé ìlera ọmọ, ẹ sọ ọjọ́ tí ó yẹ kí ìyá ti dé ọ̀dọ̀ dókítà, kí ẹ sì ṣàlàyé ìdí tí kò fi gbọdọ̀ pẹ́. Ìyá tí yóò ti ìsọ̀ rẹ̀ pa fún odidi ọjọ́ kan nílò àlàyé ju àṣẹ lọ.

Bí àkókò bá ti kọjá ńkọ́?

Ẹ má ṣe sọ ìrètí nù. Ọpọlọ kì í dáwọ́ ẹ̀kọ́ dúró títí di ọjọ́ ogbó. Ní Íńdíà, iṣẹ́ kan tí a ń pè ní Project Prakash ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn ọmọ tí kataráàkì ti bò lójú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìríran wọn kò pé bí ti àwọn tí a tètè tọ́jú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́ láti dá ojú ènìyàn àti ohun èlò mọ̀. Nítorí náà, ẹ mú ọmọ náà wá, kódà bí ó bá ti pé ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lónìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó pé ọdún márùn-ún kí a tó wo ojú rẹ̀.

Àwọn baba wa wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní Circle àti ní gbogbo ọjà, àgbà ni ẹni tí ó rí ohun funfun nínú ojú ọmọ aládùúgbò tí ó sì fohùn sí i. Bí ẹ bá fura sí ojú tàbí etí ọmọ kan, yálà tiyín ni tàbí ti ẹlòmíràn, ẹ sọ̀rọ̀ lónìí, kí ẹ sì tọ́ ìyá rẹ̀ sọ́nà dé ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín jù.